Wọ́n Ní Kí N Lọ Ṣiṣẹ́ Nílé Tí Ẹ Kú Sí

Bàbá mi àtàtà,

Ó rẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ báyìí pẹ̀lú bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń gé pépà fún ọdún méjìlá ti kógbá wọlé. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ààwẹ̀, ọ̀gá kó gbogbo wa jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ń wo bàtà rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti di aláìníṣẹ́. Mo rò pé mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àárẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àárẹ̀ ẹni tó ń wáṣẹ́ ju ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ, Bàbá.

Owó ìjọba ni mo fi ń jẹun báyìí, benefit. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ yín nílùú òyìnbó yìí gbálẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, tí ẹ ń lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú orúnkún wíwú, ẹ ò gbà á rí. Ṣé ojú ń tì yín nítorí mi? Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí jobcentre, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bá aláìníṣẹ́ wáṣẹ́, mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi bí ẹ ṣe máa ń lọ tiyín, tí ẹ ó fi ẹnu fọ́n omi sí i, tí ẹ ó tẹ kọ́là rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò tilẹ̀ gbójú sókè wò mí.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń lọ fojú hàn. Gbogbo ibi tí mo bá ti wáṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú fóònù, kí wọ́n lè rí i pé mi ò jókòó lásán. Mo ti kọ̀wé sí ilé ìkẹ́rùsí, sí ṣọ́ọ̀bù, sí àwọn tó ń fọ ọ́fíìsì. Ọ̀pọ̀ kò fèsì. Nígbà mìíràn tí mo bá jáde ní jobcentre, màá kàn máa rìn ní Rye Lane láàárín àwọn tó ń ra iṣu àti ẹja, màá ṣe bí ẹni tó níbi tó ń lọ.

Ọmọ Yorùbá ni ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ mi níbẹ̀. Kẹ́mi lorúkọ rẹ̀, ibí ni wọ́n bí i sí. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní iṣẹ́ carer kan, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, wà ní Bermondsey, kí n lọ fún interview. Mo ka orúkọ ilé náà. Ilé àwọn arúgbó tí ẹ kú sí ni, Bàbá.

“Mi ò lè lọ síbẹ̀,” ni mo wí.

Ó wo ẹ̀yìn, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Uncle, ẹ má bínú. Tí ẹ bá refuse ẹ̀ láì ní reason, wọ́n lè stop money yín. Please, ẹ kàn lọ try.”

Mi ò sọ ìdí fún un. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń wá wò yín níbẹ̀. Màá bó ọsàn fún yín, a ó jọ gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, ẹ ó máa bá a jiyàn bí ẹni pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí carer bá ti gbé básíà omi wọlé, mo ti dìde nìyẹn, mo ti ń wá kóòtù mi. Mò ń tan ara mi pé bọ́ọ̀sì ló ń lé mi. Ìhòòhò yín ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé ẹ mọ̀? Ẹ ò dá mi dúró lọ́jọ́ kankan. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀ yín ni ọjọ́ tí a gbé yín dé mọ́ṣáláṣí, tí ààfáà ń kọ́ mi bí mo ṣe máa da omi náà, láti apá ọ̀tún.

Mo lọ. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ báyìí kò mọ̀ mí. Ó bi mí bóyá mo ti wẹ àgbàlagbà rí.

“Ẹ̀ẹ̀kan,” mo ní. “Bàbá mi ni. Wọ́n ti kú nígbà yẹn. Òkè níbí ni wọ́n kú sí.”

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Kò béèrè ohun mìíràn mọ́, ó ní ká jọ gòkè.

Òyìnbó arúgbó kan ló wà ní yàrá yín. Ó ń bá bọ́tìnnì súwẹ́tà rẹ̀ jà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí ọ̀gá tó sọ nǹkan kan, mo ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ń bá a dè é lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pè mí ní orúkọ kan tí kì í ṣe tèmi, bóyá orúkọ ọmọ rẹ̀. Mo dáhùn.

Wọ́n ti gbà mí. Kẹ́mi pè mí lórí fóònù, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni pé òun ni wọ́n gbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá jókòó sórí ìbùsùn tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, ó sì pẹ́ kí n tó lè dìde.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Bàbá ẹlòmíràn ni màá kọ́kọ́ wẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè, tó lè sọ fún mi tí omi bá gbóná jù. Ẹ̀yin ló yẹ kó jẹ́. Ẹ forí jì mí.

Èmi ni, ọmọ yín ọkùnrin,
tí kò yé fẹ́ràn yín.