Ẹ̀kọ́ Tí Ó Já Bọ́ Nínú Fíìmù Ọmọ Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé àlàáfíà ni ìwé yìí bá ọ? Ṣé o jí ire, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ojú tí o fi ń wo àwòrán láti àárọ̀ di alẹ́ kì í dùn ọ́? Ọlọ́run tí kì í sùn yóò máa ṣọ́ ọ bí o bá ń sọdá títì, yóò sì máa ṣọ́ ọ nínú àpótí tí ó ń gbé yín gòkè lọ sí ibi iṣẹ́, nítorí èmi kò fọkàn tán ohunkóhun tí ó bá ń fi okùn fa ènìyàn sókè. Bí àtẹ̀gùn bá wà níbẹ̀, jọ̀wọ́ máa gun àtẹ̀gùn. Àmín.

Ní ti ilé, a dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń han bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí, ti òsì kò dún rárá, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sì ń já mi láyà ju ariwo èkejì lọ. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé kò tíì jò, ṣùgbọ́n mo ti gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Fóònù tí o rà fún mi wà láàyè, àmọ́ mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú rẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ jìnnà, mo sì gbọ́dọ̀ pariwo kí ohùn mi tó dé ìlú ńlá, bí mo bá sì fi máa pariwo tán, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ kí ìwọ tó gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ní kì í ṣe èyí tó yẹ kí ará àdúgbò gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ìyá rẹ ti kó jáde nílé. Kò lọ jìnnà. Ó gbé ẹní àti ìrọ̀rí lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ níwájú ìta, ààrin aṣọ àwọn oníbàárà ló ń sùn, bí mo bá sì ti kọjá síbẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́, á tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn kó máa ké tatatata kó má baà gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Fíìmù rẹ ló fà á. Má bẹ̀rù, kì í ṣe ìwọ lo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀.

Fíláàṣì tí o kó fíìmù náà sí, tí o fi rán awakọ̀, dé ọwọ́ mi láìséwu. Ó yà mí lẹ́nu pé odindi afárá, ọkọ̀ akólẹ̀ àti ọlọ́pàá rẹpẹtẹ gba inú ohun tí kò tó ọmọńdinrín mi. Mo gbé e sínú agolo bisikíìtì, mo sì dá ihò sí ìdérí rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ìyá rẹ ní ta ni atẹ́gùn náà wà fún. Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo mọ̀ pé kò sí ènìyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣọ́ra kì í pa ológun.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta a kó ara wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, nítorí òun ló ní tẹlifíṣọ̀n fífẹ̀ àti bẹ́ǹṣì. Àyè kún. Onígbàjámọ̀ jókòó lé pósí kan tí wọn kò tíì wá gbé, ó ní ìjókòó tó tutù jù lọ nínú ilé nìyẹn, àti pé ẹni tó ni ín kò ní bá òun jà. Nítorí pé èmi ni bàbá ẹni tó ṣe fíìmù, wọ́n gbé rìmóòtù lé mi lọ́wọ́. Mo fi inú rere gbà á.

Ìwọ mọ fíìmù náà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí lójú tèmi. Ọkùnrin sísanra kan ń wa ọkọ̀ akólẹ̀. Ó sá ṣòkòtò rẹ̀ sára ọkọ̀ kó gbẹ, àwọn olè jáde láti báńkì, wọn kò rí àpò, wọ́n da owó sínú ṣòkòtò náà, wọ́n so ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà méjèèjì, wọ́n sì sá lọ. Ọkùnrin náà kò bèèrè owó. Ṣòkòtò rẹ̀ ló ń lé. Ṣòkòtò pénpé tó kù sí i nídìí, rọ́bà ìbàdí rẹ̀ ti dẹ̀, nítorí náà ọwọ́ kan ló fi ń wakọ̀, ọwọ́ kejì ló fi di ìdí mú. Ó wó ògiri, ó la inú ilé ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé já, ó gun orí àtẹ ẹni tó ń ta ọsàn, ọsàn fọ́n ká gbogbo títì. Mo tẹ rìmóòtù. Mo bi wọ́n pé ta ni yóò san owó ọsàn yìí? Kí ni a rí kọ́ níbẹ̀?

Nǹkan kan wú mi lórí. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn á dúró gbagidi, ẹni tó ń fò á dúró sójú òfurufú, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á la ẹnu sílẹ̀ dúró dè mí. Mo gbóríyìn fún àwọn òbí wọn. Ìwọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ kò dúró fún mi bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn tí mo ti tẹ̀ ẹ́ títí, onígbàjámọ̀ ní Bàbá, ẹ dákun, ẹ̀kọ́ ni mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ gbọ́, gbogbo ẹni tó bá jókòó kí n gẹ irun rẹ̀ ló ní ìmọ̀ràn tó fẹ́ fún mi, kí ọkùnrin yìí ṣubú ni mo wá wò. Káfíńtà gbè sẹ́yìn mi. Ó ní ohun tí ènìyàn kò lè jókòó lé, tí kò lè jẹun lórí rẹ̀, tí kò sì lè ti nǹkan mọ́ inú rẹ̀, kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Ó ní fíìmù gbọ́dọ̀ wúlò. Onígbàjámọ̀ bá lu pósí abẹ́ rẹ̀ gbà, ó ní òdòdó tí o gbẹ́ sára ìdérí yìí ńkọ́, ṣé òkú ló máa dìde wò ó? Káfíńtà dákẹ́. Èmi kò dákẹ́, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí fíìmù máa lọ.

Ìgbà náà ni ọkùnrin náà já bọ́ lórí afárá, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo rọ̀ mọ́ irin. Irin náà ń fẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ọwọ́ kejì wà ní ìdí ṣòkòtò pénpé. Ó wo ọwọ́ kìíní, ó wo èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí ìgbà tí omi bá gba ọ̀nà òdì lọ́nà ọ̀fun. Ìyá rẹ ni. Ó tẹ̀ kọdọrọ, ó di ikùn mú, omi ń dà lójú rẹ̀. O mọ bó ṣe wà láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti kú. Ó ń jẹun, ó ń ránṣọ, bí mo bá pè é á jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dún nínú rẹ̀ mọ́. Mo ní ó ti parí. Mo tẹ rìmóòtù, mo kígbe pé ẹ gbé omi wá, mo ń lù ú lẹ́yìn, káfíńtà sì da garawa omi tó fi ń pọ́n irinṣẹ́ lé e lórí.

Ó nu ojú, ó ní ẹ̀rín ni òun ń rín.

Gbogbo ilé dákẹ́. Ojú tì mí, mo sì rò ó pé nígbà tí wọ́n kúkú ti dákẹ́, kí n lo àǹfààní náà láti ṣàlàyé ẹ̀kọ́ tó wà nínú fíìmù. Mo dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo ń sọ̀rọ̀ lórí ìwúlò bẹ́líìtì ni epo jẹnẹrétọ̀ tán. Gbogbo rẹ̀ ṣú. Ẹnikẹ́ni kò rí òpin. Onígbàjámọ̀ ní bí mo bá tún wá gẹ irun, apá kan orí mi ni òun máa gẹ̀, kí n lè mọ bí ohun tí kò parí ṣe ń rí lára. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá rẹ gbé ẹní àti ìrọ̀rí jáde. Ó rán káfíńtà sí mi ní ọjọ́ kejì pé ọjọ́ tí òun bá rín ẹ̀rín òun tán ni òun máa padà sílé.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mo sì ti rí ibi tí wàhálà wà. O kọ̀wé sí wa pé iṣẹ́ rẹ ni kí o máa gé fíìmù, kí o sì máa so ó pọ̀. Ilé aránṣọ ni a ti tọ́ ọ, o mọ bí àjákù ṣe máa ń kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ. Ọmọ mi, nígbà tí o ń gé e ni ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ já bọ́. Mo bẹ̀ ọ́, tètè gbá abẹ́ tábìlì rẹ kí ọ̀gá rẹ tó rí i. Ó lè jẹ́ ibi tí ọkùnrin náà ti padà lọ bẹ ẹni tó ń ta ọsàn. Bí o bá rí i, fi ránṣẹ́ kí ìyá rẹ lè mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ tí mò ń wá. Sì ṣọ́ra fún sísọ́ọ̀sì wọn, má gé ọwọ́.

Mo dá ìwé dúró níbí, nítorí táyà awakọ̀ tó fẹ́ bá mi mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ bẹ́, kò sì wá. Ọjọ́ Ajé ni mo tún mú un.

Ọmọ mi, ilé yìí dákẹ́ jù. Mo se omi, ìkòkò jóná. Omi lásán o. Bí mo ti jókòó tí mò ń ha ìkòkò, ọ̀rọ̀ kan wá sí mi lọ́kàn tí kò jẹ́ kí n lè ha á mọ́. Èmi tí mo ti ń bá a gbé láti ìgbà tí irun mi ti dúdú, mo gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó mi, mo sì ní kí wọ́n gbé omi wá.

Mo dìde, mo ra bẹntiróòlù, mo gbé e lọ bá káfíńtà. Mo ní kó tún fíìmù náà fi hàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fa rìmóòtù lé onígbàjámọ̀ lọ́wọ́, ó sì jókòó lé e. Ìyá rẹ wá, ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, kò kí mi. Nígbà tí ọkọ̀ gun orí ọsàn, mo fi eyín di fìlà mi mú. Nígbà tí a dé orí afárá, ohùn yẹn tún bẹ̀rẹ̀, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, mo jókòó lé wọn.

Ọkùnrin náà fa rọ́bà ṣòkòtò pénpé náà sókè, ó fi eyín di í mú, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di irin. Gbogbo wa mí kanlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ọlọ́pàá yọjú láti orí afárá, ó ní kí ni orúkọ rẹ?

Àfi bó ṣe la ẹnu tó dáhùn! Ṣòkòtò pénpé já bọ́, ó bo ojú dírẹ́bà àwọn olè tó ń kọjá nísàlẹ̀, wọ́n sì kó sínú òkìtì ìdọ̀tí. Mi ò mọ ibi tí ohùn tó jáde lẹ́nu mi ti wá. Mo wá ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ọmọ mi, mo wá a bí mo ti ń rẹ́rìn-ín, mi ò rí i. Ìyá rẹ ti sún dé ọ̀dọ̀ mi láìmọ̀, ó di etí aṣọ mi mú kó má baà ṣubú. A jọ rin dé ilé, èmi ni mo ru ìrọ̀rí, ó ń bi mí pé kí ni orúkọ rẹ, a tún dúró láti rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, má gbálẹ̀ mọ́. Ẹ̀kọ́ náà, jẹ́ kó wà níbi tó wà. Mi ò sọ pé kí gbogbo fíìmù rí bẹ́ẹ̀ o, ayé á bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nínú èyí tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ san owó ọsàn.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún bẹntiróòlù, kó pọ̀ díẹ̀, nítorí àwọn ará àdúgbò ti ń bèèrè ọjọ́ tí a óò tún wò ó, àti fún ìkòkò. Ìyá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, ó ń sọ ohun tí n ó kọ. Ó ní kí o fi ìwọ̀n ìbàdí ọkùnrin náà ránṣẹ́, òun fẹ́ fi rọ́bà tuntun sí ṣòkòtò pénpé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún ní kí n pa á rẹ́. Ó ní bí rọ́bà yẹn bá le, kí ni a óò máa wò?

O kò ní ṣàìsàn, o kò ní fi ẹsẹ̀ kọ. Níbi tí o bá ti ń rẹ́rìn-ín, ọmọ mi, ẹnikẹ́ni kò ní paná mọ́ ọ lójú.

Èmi ni,
Bàbá rẹ