Àwòrán Mi Ń Bú Bọ̀dá Clement

Tómisìn ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní Igbó Ẹfọ̀n níbẹ̀ yẹn? Ọlọ́run tó ń dá ẹja kékeré sí láàárín ẹja ńlá yóò dá ọ sí láàárín àwọn ará Èkó. Waliyat ọmọ Ìyá Àyúbà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń kọ ọ́. A wà láàyè, ṣùgbọ́n ilé ò rọgbọ.

O mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́lé fáwọn olówó ń da yanrìn sínú ọ̀sà wa. Ibi tí Bọ̀dá Clement àbúrò bàbá rẹ ti ń dẹ àwọ̀n, tó fi rán ọ lọ sílé ìwé lẹ́yìn ikú bàbá rẹ, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀ báyìí. Ni Bọ̀dá bá dúró létí omi, ó sọ tẹnu rẹ̀, Waliyat sì fi fóònù ká a sílẹ̀. Fídíò náà rìn jìnnà. Èrò rẹpẹtẹ wò ó, wọ́n ní àwọn wà lẹ́yìn wa. Mo wé gèlè kí n tó jókòó síwájú fóònù náà, torí mi ò lè ṣí orí sílẹ̀ gba àlejò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo kí wọn, mo ní kí wọ́n wá fojú ara wọn wo omi náà, mo sì tẹ́ ẹní dè wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò wá. Waliyat ní wọn kì í wá báyẹn.

Ìjọba ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá yẹ ọ̀sà wò. Ká tó wí, ká tó fọ̀, àwọn kan ya wọ inú fóònù, wọ́n ń bú Bọ̀dá pé ajagungbalẹ̀ ni, pé ó ti gba rìbá, kò kún un lójú ló fi ń pariwo. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo bi Waliyat pé ṣé ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn ni. Ìjọba ní àwọn ò wá mọ́, pé àwọn ará ìlú fúnra wọn ti ní irọ́ ni. Ìjọ aláṣọ funfun tí Bọ̀dá ń lọ ní kó bọ́ sùtánà sílẹ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi lójú. Látìgbà náà, kò jáde síta mọ́.

Tómisìn, ojú mi wà lára àwọn tó ń bú u. Wọ́n kọ Màmá Ajah sí i lórí. Àwòrán tí o yà mí lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ Àjíǹde ni, tí o ní o fẹ́ máa fi rántí mi. Mo rò pé olè ló jí fóònù rẹ. Mo sáré lọ kúnlẹ̀ fún Bọ̀dá, mo ní kì í ṣe ẹnu mi. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ṣùgbọ́n ẹni tó bú òun pe òun ní Ìrù Ẹja, ta ló sì mọ orúkọ yẹn yàtọ̀ sí àwa ará ilé? Ìwọ lo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní kékeré, nígbà tó máa ń fi ìrù ẹja pamọ́ dè ọ́.

O ti sọ fún mi rí pé iṣẹ́ rẹ ni kí o máa bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe lẹ́nu aráyé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo rò pé iṣẹ́ onílàjà ni. Mi ò mọ̀ pé ìwọ nìkan lè di èrò ọjà, kí o sì tún mú mi kún un.

Owó epo àti ti oògùn tí mo máa ń bèèrè, má fi ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Fi wọkọ̀ ní Ajah, kí o máa bọ̀ nílé. Bọ̀dá ò ní fóònù, ẹnu rẹ ni wàá fi bá a sọ̀rọ̀, lójú rẹ̀. Má bẹ̀rù, kò ní lù ọ́. Lánàá yìí ló ṣì ń bi mí bóyá o ń jẹun dáadáa.

Ọlọ́run yóò fún ọ lọ́mọ. Kò ní jẹ́ kí ọmọ náà yá ojú rẹ lò.

Èmi ìyá rẹ gan-an,
Abọ́sẹ̀dé.