Ẹ́ńjìnnì Tí Wọ́n Fi Aṣọ Funfun Gbé Wọlé

Fadilah, ọmọ mi tòótọ́,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìsùn, mo sì kí ọ kú ooru ilé Yábàá tí ẹ ń san owó gọbọi lé lórí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Ara mi le, mo jẹun lánàá, mo sì tún jẹun lónìí. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé wọ́n ti pè ọ́ pé mo kú, nígbà tí èmi fúnra mi sì pè ọ́ pé n kò kú, ẹkún rẹ kò jẹ́ kí n ṣàlàyé, àwọn ará ilé sì ti kún ojú fèrèsé mi. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Owó tí o fi ránṣẹ́ fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi dé. Bí fóònù ṣe dún pé owó ti wọlé, mo sáré fi ìrọ̀rí bò ó mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kí àwọn aládùúgbò má baà gbọ́ iye rẹ̀. O mọ̀ mí, ẹnu ayé ni mo ń sá fún. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ìwọ ni o ń tún ọkọ̀ ṣe fún mi, wọn yóò ní mo ti di ẹrù lé ọmọ lórí. Nítorí náà, nígbà tí Roqeeb mẹkáníìkì wọ́ ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo yá ìbátan wa kan tó wà ní Àgùdà ní ọkọ̀ náà ni.

Roqeeb ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀. Ó wá ní, gẹ́gẹ́ bí àṣà iṣẹ́ wọn, ẹni tó ni ọkọ̀ ló ni ògbólógbòó tí àwọn yọ, kí n gbé e lọ sílé. Ẹ̀rù bà mí pé wọn yóò rí i. Mo fi aṣọ ibùsùn mi funfun wé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ní kí ọkùnrin mẹ́rin gbé e lọ sí yàrá mi, kí wọ́n tẹrí ba, kí wọ́n má sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Èmi dúró lẹ́yìn kí n lè wa ọkọ̀ bọ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Ẹ́ńjìnnì tuntun yìí kì í sọ̀rọ̀. Mo ń yí kọ́kọ́rọ́, mo tún ń yí i, Roqeeb ń kígbe pé Baba, ó ti ń ṣiṣẹ́ o, ẹ má pa á. Ọjọ́ náà ni mo mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pe ọkọ̀ ní ayọ́kẹ́lẹ́. Mo dé iwájú ilé, kò sí ẹni tó gbọ́. Èrò kún orí bẹ́ńṣì, wọ́n kẹ̀yìn sí ọ̀nà. Ìyá Lubabah, aládùúgbò wa, ń sọ pé òun fojú òun rí òkú Bàbá Fadilah bí wọ́n ṣe ń gbé e wọlé, pé àìsàn tó pa á mà ti sọ ọ́ di kíún. Wọ́n ní olóòótọ́ ni mí, wọ́n ní mo ní ìtìjú. Ó yẹ kí n tẹ họ́ọ̀nù nígbà náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi, mo bá jókòó jẹ́ẹ́, mo ń retí ìyìn tó kù.

Ni Alhaji Yẹ̀kínnì, ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, bá ní ohun tó dun òun jù ni ẹ́ńjìnnì tí Fadilah ṣẹ̀ṣẹ̀ fowó rẹ̀ ránṣẹ́, tí Baba kò jẹ adùn rẹ̀. Ìyá Lubabah ní ta ni kò mọ̀, ṣé bí Baba bá ń dáhùn fóònù, àwọn ará Costain lọ́hùn-ún kì í gbọ́ ni? Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Alhaji ní òfófó ta ni àwọn yóò wá máa ṣe báyìí o. Inú bí mi, mo gbàgbé ara mi, mo yọrí síta lójú fèrèsé ọkọ̀, mo ní irọ́ ni, n kì í pariwo lórí fóònù.

Ọmọ mi, wọ́n fọ́n ká. Alhaji tí orúnkún ń dùn ni ó kọ́kọ́ fo gọ́tà. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n wọ yàrá lọ wo òkú, wọ́n sì bá ẹ́ńjìnnì lórí ibùsùn mi, epo ń ro tótó.

Wọn kò tíì lọ títí di ìsinsìnyí. Wọ́n ní ẹni tí Ọlọ́run dá padà gbọ́dọ̀ ṣe sàráà, pé ìrẹsì sì ni, kì í ṣe ẹ̀wà. Jọ̀wọ́, bá mi fi nǹkan ránṣẹ́ kí wọ́n lè jẹ, kí wọ́n lọ, kí n lè fọ aṣọ ibùsùn. Ọlọ́run yóò dá a padà fún ọ ní ìlọ́po, yóò sì dá mi sí kí n lè máa yọ ọ́ lẹ́nu pẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì kí ọ kú àṣẹ̀yìndè ní Yábàá, má ṣe bo nǹkan kan: sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì ló kú, ìwọ lo sì ra òmíràn.

Èmi ni,
Baba rẹ, tí ó wà láàyè.