Eyín Inú Ife Omi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ sáà pè mí ní ìyàwó ilé kan ní Òkèrèwè.

Ó pẹ́ tí párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń dùn mí dé etí. Mo yọ eyín, mo tún yọ òmíràn, pàbó ló já sí. Dókítà eyín kan tó ń tọ́jú ìrora ojú àti àìsàn ojú oorun ló wá sọ pé mo máa ń payín keke tí mo bá ti sùn. Ó ṣe ike kan tó rí bí eyín fún mi, pé kí n máa fi sẹ́nu sùn. Ara tù mí.

Àfi ìgbà tí ìyá ọkọ mi rí ike náà nínú ife omi tí mo rẹ ẹ́ sí. Wọ́n figbe ta: "Ẹ wá wò ó o! Eyín tó fi ń jẹ èèyàn rèé!" Wọ́n dáná sun ún. Mo bẹ ọkọ mi kó bá mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ní ọ̀rọ̀ ayé kì í ṣe ti oníṣègùn òyìnbó.

Ìrora ti padà. Àbíkẹ́yìn mi kì í jẹ oúnjẹ tí mo bá sè mọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n lọ ṣe ike mìíràn ni, àbí kí n kúkú yọ gbogbo eyín tó kù lẹ́nu mi, kí ọmọ mi lè sún mọ́ mi?