Bátìrì Tuntun Inú Bọ́ọ̀sì Bàbá Mi

Bàbá mi tó ń sinmi l'Óǹdó,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó mú mi jókòó ti ìwé: a ti yọ bátìrì yín kúrò nínú bọ́ọ̀sì. Méjèèjì ni a yọ, èmi gan-an ni mo sì tú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ló ní kí n rí i dájú pé mo sọ fún yín, wọ́n ní kò dáa kí onínǹkan gbọ́ ọ̀rọ̀ nǹkan rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ayé. Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ ní ojú oórì yín nígbà tí a yà síbẹ̀, àmọ́ àwọn ọmọ mi kò jẹ́ n ráyè. Ọ̀kan fẹ́ tọ̀, èkejì ń gun ògiri. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ gba ìjókòó.

Ìlú le, Bàbá. Mi ò ní fi ìyẹn yọ yín lẹ́nu púpọ̀, ẹ ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Epo bẹntiróòlù ti di ohun tí olówó ń rà tí òun náà ń mí kanlẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi ń dá ara wọn lórun nígbà kan ti dákẹ́. Ijapo, àdúgbò wa ní Àkúrẹ́ yìí, tí ẹ fi máa ń yangàn fún àwọn ará Oǹdó pé iná wa kì í ṣẹ́jú, iná rẹ̀ ti di àlejò. Bó bá dé, a ó kí i káàbọ̀. Bó bá lọ, a kì í bi í pé ìgbà wo ni yóò padà. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ìnira yìí náà ló sì ń bọ́ mi, nítorí àwọn tí kò lè ra epo mọ́ ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí n bá wọn ṣe sólà. Ẹ bínú sí mi nígbà tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tí mo lọ ń ta bátìrì. Ṣé ẹ ṣì ń bínú?

Bọ́ọ̀sì yín ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Mo rántí ọjọ́ tí ẹ wà á wọlé, lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó tó ń la ọ̀nà lu ẹrù wọn ní gbàǹjo, tí wọ́n ń padà sí ìlú wọn. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ibi tí a ti ń fọ abọ́ wà, fíríìjì kékeré wà. Màámi yí i po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bi yín bóyá ilé tí à ń gbé kò tó yín ni. Ilé onítáyà ni ẹ sọ ọ́. Bí ìsinmi Kérésì bá ti dé, ẹ ó kó gbogbo wa sínú rẹ̀, a ó gba ọ̀nà Oǹdó lọ sí oko kòkó yín, a ó sì máa sùn síbẹ̀ títí ẹ̀fọn yóò fi mọ orúkọ wa. Àwọn ará Ijapo ní orí yín ti dàrú. Ta ló ń fi iná sílẹ̀ nílé tó ń lọ sùn nínú igbó? Ká ní ẹ wà níbí báyìí, ẹ̀ bá fi wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí igbó àti Ijapo kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ mọ́.

Àárọ̀ Sátidé yín ni mo máa ń rántí jù. Ẹ ó wọ ṣòkòtò péńpé, ẹ ó gbé ìgò omi bátìrì, ẹ ó máa rọ ọ́ sí ihò kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń rọ oògùn fún ọmọ ọwọ́. Ẹ ó fi gíríìsì pa orí bátìrì méjèèjì. Lẹ́yìn náà ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó dẹ etí sí i, ẹ ó ní ó ń sọ̀rọ̀. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan rí ju pé ó ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Síbẹ̀ ẹ kì í gbé ọkọ̀ náà sí ibi tó tẹ́jú, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, kí a lè rí i tì bí bátìrì bá já yín kulẹ̀. Ẹ gbà á gbọ́, ẹ sì tún múra dè é.

Ọ̀rọ̀ Màámi ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Kò pẹ́ tí ẹ lọ ni dókítà sọ pé oògùn oníhóró kò ká ìtọ̀ ṣúgà wọn mọ́, pé abẹ́rẹ́ ni wọn yóò máa gún fún ara wọn. Abẹ́rẹ́ náà kò sì fẹ́ ooru rárá, inú fíríìjì ló ń gbé. Láti ìgbà náà, Màámi kò sun ibòmíràn mọ́. Ọmọ àbúrò wọn bímọ ní Ìkàrẹ́, wọn kò lọ. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní Ọ̀wọ̀, ẹ̀bùn ni wọ́n fi ránṣẹ́. Fíríìjì ti so wọ́n mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n kàn sọ ọ́ láìgbójú sókè, pé, "Ó wù mí kí n tún lọ sùn l'óko bàbá yín lẹ́ẹ̀kan sí i, nínú ọkọ̀ yẹn. Bó bá ṣe é ṣe." Bàbá, láti ọjọ́ tí a ti sin yín, wọn kò tíì tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Bí a bá gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n á jẹ. Bí a bá ní kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ó wu àwọn. Mo pinnu pé ohun tó bá gbà ni màá fún un, Màámi yóò sùn ní oko yẹn.

Bátìrì yín kò lè ṣe é. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ó sìn yín dáadáa, àmọ́ ó ti darúgbó. Bí a bá tan fíríìjì, kò ní pẹ́ rárá tí yóò fi kú. Mo de pánẹ́ẹ̀lì sólà mọ́ òrùlé ọkọ̀, mo sì gbé bátìrì lítíọ́mù kan wá láti ṣọ́ọ̀bù, irú èyí tí kì í mu omi, tí kì í hó, tó lágbára ju tiyín méjèèjì lọ tí kò sì tó wọn wúwo. Bóyá ẹ̀ bá fẹ́ràn rẹ̀. Bóyá ẹ ò ní fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kò ní bá yín sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ti ogún. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì ráyè ti òkè òkun dé, a kò sì lè pín ogún yín lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mọ ìlànà ìdílé yín jù mí lọ: títí ẹbí yóò fi jókòó pín in, ohun tí òkú fi sílẹ̀ kì í kúrò níbi tó wà. Bàtà yín ṣì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Aago yín ti kú lára ògiri, kò sí ẹni tó yọ ọ́. Mo pe Bàbá Kékeré lórí fóònù, mo ní mo fẹ́ pààrọ̀ bátìrì ọkọ̀. Wọ́n ní, "Fi kún un, ọmọ mi. Fífi kún un kò léèwọ̀. Àmọ́ o ò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan." Màámi náà gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ni mo bá fi kún un. Mo so tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó.

Èmi tí mo ń ta nǹkan yìí, Bàbá. Ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má so bátìrì tuntun mọ́ àlòkù. Àlòkù yóò máa fa agbára tuntun mu, kò sì ní yó. Ẹni tó ń fi agbọ̀n pọn omi sàn jù ú lọ. Àmọ́ ta ni yóò wo ojú Màámi kó sọ pé ohun tí ọkọ wọn tọ́jú ní gbogbo Sátidé ló máa ba ìrìn àjò jẹ́? Ẹnu mi kò gbà á. Mo ní bóyá yóò yọ̀ǹda wa fún ìwọ̀nba ìgbà tí a ó lò.

Kò yọ̀ǹda. A dé oko láàárọ̀ nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn, èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ àti Màámi. Gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà nílé ni wọ́n kó dání, nítorí iná Ijapo kò ṣe é fi wọ́n sílẹ̀ fún. Mo gbé ọkọ̀ sí ibi tí ẹ máa ń sá kòkó sí, kí sólà lè rí oòrùn dáadáa. Màámi rìn yí oko ká, wọ́n ń fọwọ́ kan àwọn igi yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a padà dé ní ìrọ̀lẹ́, inú ọkọ̀ gbóná bí ààrò, mo ṣí fíríìjì, ooru ló fẹ́ sí mi lójú. Bátìrì yín ti gbóná kọjá ààlà, tuntun sì ti pa ara rẹ̀ kó má baà bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ ti lọ́ wọ́rọ́. Màámi kò pariwo. Wọ́n gbé ìborùn wọn, wọ́n lọ jókòó sí iwájú ọkọ̀, wọ́n ní, "Ẹ gbé mi lọ ulé." Ẹ mọ̀ pé bí ahọ́n wọn bá ti padà sí Àkúrẹ́ báyẹn, ẹjọ́ ti parí. Obìnrin tó ń ta oògùn wo àwọn abẹ́rẹ́ náà lọ́jọ́ kejì, ó mi orí, ó ní òun kò lè sọ pé wọ́n ṣì dára. A kó wọn dànù, oògùn tí à ń wá káàkiri ìlú kí a tó rí. Màámi ní ó parí, àwọn kò lọ síbì kankan mọ́.

Mo lọ bá Bàbá Kékeré l'Óǹdó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láìfi ọ̀kan pamọ́. Wọ́n kàn dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Mo rò pé wọ́n bínú ni. Àfi bí wọ́n ṣe wọ ọkọ̀ èrò wá sí Àkúrẹ́ fúnra wọn, tàwọn ti fìlà, wọ́n jókòó ti Màámi ní ìloro.

"Ìyàwó wa, ẹ̀gbọ́n mi kò fi bátìrì sílẹ̀ láti fi jẹ yín níyà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí yọ ọ́."

"Ogún ńkọ́?"

"Ogún ò lọ síbì kankan. A ó gbé e sínú yàrá rẹ̀ títí ọjọ́ tí a ó pín in. Èyí tó bá fẹ́ jogún bátìrì tó ti kú nínú àwọn ọmọ rẹ̀, kó wá gbé e."

Màámi rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Bàbá Kékeré wá kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n kí o sọ fún un o."

Bí mo ṣe yọ wọ́n nìyẹn. Wọ́n wúwo, gíríìsì yín ṣì wà lórí wọn, ó ti dúdú. Kí n tó tú wáyà tó kẹ́yìn, mo dẹ etí sí i bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Kò sọ nǹkan kan. Mo sunkún, Bàbá, mo sunkún bí ẹni pé ọjọ́ náà gan-an ni ẹ kú. Mo rò pé mo ti sunkún yín tán ni. Wọ́n wà lábẹ́ fèrèsé yàrá yín báyìí, lórí páálí. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti bi mí léèrè wọn, mo ní ẹni tó ni ín kò tíì sọ pé òun ń tà á.

Màámi kò tètè gbà láti tún lọ. Wọ́n ní kí n fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kí n tan fíríìjì, kí n gbé omi inú ìgò sínú rẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń jáde lọ fọwọ́ kan ìgò omi náà, wọ́n á sì wọlé láìsọ ohun tí wọ́n rí. Lọ́jọ́ kan, mo jí, mo rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, àpò wọn ti wà nílẹ̀.

A lọ, a sì sùn síbẹ̀. Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nípa ìrìn àjò náà. Nílé, láti ìgbà tí ẹ ti lọ, etí ògiri ni Màámi ń sùn sí. Wọ́n á tẹ́ ẹ̀gbẹ́ tiyín, wọ́n á gbé ìrọ̀rí yín sí i, wọn kì í sì í fi ẹsẹ̀ kàn án títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a jí l'óko, mo rọra ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí n lè wo fíríìjì. Ó tutù dáadáa. Màámi ṣì ń sùn. Àárín bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà, wọ́n na apá méjèèjì, ẹnu wọn là díẹ̀. Inú mi dùn, ó sì dùn mí nítorí yín, méjèèjì pa pọ̀. Mo pa ilẹ̀kùn dé, mo ní kí àwọn ọmọ má pariwo.

Mo ti sọ fún yín o. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń ṣàárò wọn. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má tíì pè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó ń ta bátìrì, tí kò yéé fẹ́ràn yín.