Òrùka Ẹ̀wọ̀n Tí Bàbá Mi Kàn Mọ́ Ẹnu Ọ̀nà Àgbẹ̀dẹ

Èmi, Keturah Loomis, ọmọ Enos Loomis alágbẹ̀dẹ, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, tí kò lọ́kọ, tí ń gbé ní abúlé Stillwell létí odò Muskingum ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ti jẹ ẹran ara mi tán, ṣùgbọ́n kò tíì dé orí mi. Mo mọ ohun tí mo ní, mo mọ àwọn tí mo ń fi í sílẹ̀ fún, kò sì sí ẹni tí ó tì mí kọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Barzillai Crane, adájọ́ abúlé wa, ni mo yàn láti mú un ṣẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má fo ìlà kankan, pàápàá èyí tí yóò wù ú láti fò.

Èkíní. Kí ẹ sin mí sí ẹ̀gbẹ́ ìyá mi. Mo mọ̀ pé àyè ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Reuben, ẹ̀gbọ́n mi, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ ti ní lọ́kàn. Ẹ má sin mí síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Èkejì. Mo fi ilé tí mo ń gbé sílẹ̀ fún Lovina, ọmọ Reuben, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Kí Tamsin ìyá rẹ̀ máa bá a tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi dàgbà. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí lọ sí ìwọ̀ oòrùn bí gbogbo ayé ti ń ṣe, kí wọ́n má ṣe dáná sun ilé náà nítorí ìṣó ara rẹ̀. Bàbá wa sun ilé wa àkọ́kọ́ nígbà tí a fẹ́ ṣí wá síbí, kí ó lè kó ìṣó rẹ̀. Èmi àti Reuben la ṣa ìṣó nínú eérú, a kà á sínú garawa, ọwọ́ wa dúdú dé ìgúnpá. Ìyá mi jókòó sórí kùkùté igi, ó ń sunkún. Bàbá ní, “Ìyá Reuben, ilé ni mo sun o, n kò sun yín. Igi kún inú igbó. Ta ni yóò fún mi ní ìṣó?” Ìyá mi dá a lóhùn pé, “Enos, ọjọ́ tí mo bá kú, wo bàtà mi dáadáa kí o tó sin mí. Ìṣó mẹ́jọ ló wà níbẹ̀.” Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo fẹ́ kí Lovina mọ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín nígbà kan rí.

Ẹ̀kẹta. Màlúù pupa di ti Ìyá Hale, aládùúgbò mi, ẹni tí ń wẹ̀ mí, tí kì í yíjú nígbà tí mo bá ń wúkọ́. Màlúù náà a máa tàpá. Ìyá Hale mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun náà máa ń tàpá, àwọn méjèèjì yóò gbọ́ ara wọn yé.

Ẹ̀kẹrin. Ìwé mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ti Lovina. Ọdún méjì ni mo fi kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Marietta, kí ìyá mi tó kú tí Bàbá fi ránṣẹ́ pè mí wálé láti wá máa fẹ́ ẹwìrì. Ó máa ń fi mí ṣẹ̀sín pé, “Akọ̀wé, ka ìwé sí iná yìí kó gbóná.” Mo fẹ́ ẹwìrì náà fún ọdún méje. Mo mọ àwọ̀ iná ju àwọ̀ ojú ara mi lọ. Nítorí náà n kò lè sọ pé àìmọ̀ ló fa ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Ẹ̀karùn-ún. Kí ẹ ka ẹ̀ka yìí sókè níwájú àgbẹ̀dẹ, lọ́jọ́ ìsinmi, nígbà tí àwọn ènìyàn bá jáde ní ìsìn.

Gbogbo yín lẹ mọ òrùka ẹ̀wọ̀n tó já, tí Bàbá kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Gbogbo yín lẹ mọ orúkọ tí ó máa ń pè bí ó bá ń nawọ́ sí i: Jotham Askew, tí ó bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, tí ó sì yẹ kí ó fẹ́ mi nígbà ìrúwé.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1829, Reuben fẹ́ kó àgbàdo sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè lọ sí ibi ọlọ. Ẹ̀wọ̀n tí a fi ń de ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù, kí ó má bàa sáré ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ti jẹ ní ibì kan. Jotham ló fẹ́ fi òrùka tuntun sí i. Ó ti ti irin bọ iná nígbà tí oníbàárà kan pè é síta pé kí ó wá wo ẹsẹ̀ ẹṣin òun. Ó ní, “Keturah, má jẹ́ kí iná yẹn kú mọ́ mi lọ́wọ́ o. Èédú igi nìkan.”

Èédú igi ti tán nínú apẹ̀rẹ̀, ó ku lẹ́búlẹ́bú. Òjò ń rọ̀, ibi tí a ti ń sun èédú sì wà ní òdìkejì odò. Lẹ́yìn àgbẹ̀dẹ ni èédú ilẹ̀ wà, èyí tí Jotham wa jáde lára òkè. Ó máa ń kọ́kọ́ sun ún kí èéfín imí ọjọ́ inú rẹ̀ jáde kí ó tó dán an wò. Bàbá ti búra pé ọjọ́ tí òun bá rí ẹyọ kan nínú iná òun, Jotham yóò kẹ́rù rẹ̀ lọ. Èyí tí a kò tíì sun ni mo bù. Ṣọ́bìrì méjì. Ó jó dáadáa, irin sì funfun. Nígbà tí Jotham wọlé, òtútù ti dí i nímú láti ọjọ́ mẹ́ta, kò gbóòórùn nǹkan kan. Ó gbé irin sórí owú, ó lù ú títí ẹnu irin náà méjèèjì fi pa pọ̀.

Mo la ẹnu láti sọ fún un. Bàbá wọlé. Mo pa ẹnu mọ́, kí ó má bàa lé Jotham lọ.

Irin tí èéfín imí ọjọ́ bá wọ̀ a máa pa ẹnu pọ̀ lóde, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ra. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òrùka náà já ní àárín òkè, kẹ̀kẹ́ sì gba orí Reuben kọjá. Bàbá gbé òrùka náà sójú oòrùn ní ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, ó wo ibi tó ti já. Ó ní, “Èédú ilẹ̀. Jotham, o ti pa ọmọ mi.”

Jotham wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ó mọ ẹni tí ó dúró ti ẹwìrì. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bàbá, ẹ forí jì mí.”

Mo dúró síbẹ̀. Mo di igi ẹwìrì mú.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi fi ayùn irin pa àmì tí Jotham máa ń lù sára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rẹ́ lára gbogbo ọkọ́, àáké àti abẹ́ ohun ìtúlẹ̀ tí ó wà nílé, àwọn ará abúlé sì ń gbé tiwọn wá kí ó bá wọn pa á rẹ́. Gideon Rusk ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé Jotham kọjá odò. Nígbà tí ó padà, ó ní, “Ọkùnrin yẹn mà yàtọ̀ o. Kò bínú, kò ṣépè. Ó kàn ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa da nǹkan borí tí o bá ti ìdí ẹwìrì jáde, pé òógùn yẹn yóò mú ọ wúkọ́.” Gideon rò pé àwàdà ni.

Mo ní n ó sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìnkú. Mo ní kí Tamsin bímọ inú rẹ̀ ná. Mo ní kí ojú Bàbá gbẹ ná. Bàbá kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó sì ń bú Jotham títí èémí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Jotham Askew kò pa ẹnikẹ́ni. Èmi ni.

Ẹ̀kẹfà. Àgbẹ̀dẹ, owú, àwọn ọmọ owú, ẹ̀mú àti ẹwìrì di ti Jotham Askew. Ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn ni pé ó wà ní Illinois. Kí Ọ̀gbẹ́ni Crane kọ̀wé wá a. Bí ó bá ti níyàwó, kí ìyàwó rẹ̀ má bẹ̀rù mi; ohun ẹlòmíràn ni mo ń dá padà. Ìkọ́ irin tí a fi ń gbé ìkòkò kọ́ nínú ààrò mi ni Bàbá kò rí. Mo jẹ́ kí èéfín bò ó, n kò fọ̀ ọ́ rí. Bí ẹ bá nù ún, ẹ ó rí J.A. lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá pa àmì Jotham rẹ́ lára ọkọ́ rẹ̀ gbé ọkọ́ náà padà wá fún un, kí ó tún àmì náà lù sí i.

Òrùka tó já náà di ti Jotham. Kí ẹ yọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn tí ẹ bá ka ẹ̀ka karùn-ún tán, kí ó má jẹ́ ṣáájú.

Èkeje. Mo pe Tamsin Loomis, opó ẹ̀gbọ́n mi, láti jẹ́ ẹlẹ́rìí. Òfin ní kí ẹlẹ́rìí má jogún, òun ló fà á tí mo fi kọ ilé sí orúkọ ọmọ rẹ̀. N kò pè é kí ó lè dárí jì mí. Mo pè é nítorí kò yẹ kí òun náà gbọ́ ọ níta láàárín èrò. Tamsin, ọdún márùn-ún ni o fi ń gbé búrẹ́dì àgbàdo wá fún mi ní gbogbo Sátidé, tí o ń sọ pé, “Àbúrò, jẹun. Ìwọ nìkan ni Reuben fi sílẹ̀ fún mi.” Mo sì ń jẹ ẹ́.

Bí o kò bá fọwọ́ sí i, n kò ní bi ọ́ ní ìdí rẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, ọdún 1834.

Keturah Loomis

Èmi, Barzillai Crane, ni mo ka ìwé yìí sókè níwájú ẹni tí ó kọ ọ́, lórí ibùsùn rẹ̀, àti níwájú àwọn ẹlẹ́rìí méjì. Nígbà tí mo ka ẹ̀ka karùn-ún tán, Tamsin Loomis dìde, ó sì jáde. Mo ka ìyókù lọ, nítorí ẹni tí ó kọ ọ́ ní kí n má dúró. Bí mo ti ń ka èyí tí ó kẹ́yìn, a gbọ́ ìró ìṣó tí a ń fà yọ lára igi ní ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Tamsin padà wọlé pẹ̀lú òrùka náà ní etí aṣọ rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì, ó ní kí n tún èyí tí òun kò gbọ́ kà. Mo tún un kà. Ó fa aṣọ bo èjìká àbúrò ọkọ rẹ̀, ó sì béèrè ibi tí òun yóò fọwọ́ sí.

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Gideon Rusk, ọlọ́kọ̀ ojú omi
Tamsin Loomis, opó Reuben