Ìpara Oòrùn Tí Mo Fi Kòkó Dán Wò

Ilogbo-Ekiti,
Ìpínlẹ̀ Ondó.
Oṣù kẹsàn-án, 1987.

Káyọ̀dé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Èkó tó gbà ọ́ kò ní gbé ọ mì. Àwa náà ń bẹ láàyè, ẹsẹ̀ nìkan ló ń dun ìyá rẹ, ewúrẹ́ rẹ̀ sì ti bí ìbejì.

Ìpara méjì tí o fi rán Gbádébọ̀ onímọ́tò dé ọwọ́ wa, èyí funfun àti èyí tó dà bí epo. O ní ká yan èyí tí yóò gba Felicia àbúrò rẹ lọ́wọ́ oòrùn láìpa á lára, torí àfín ni, oòrùn sì ti bó imú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ máàṣì. Òun ni yóò gbé àsíá ṣíwájú ilé-ìwé wọn ní Aràmọ́kọ lọ́jọ́ òmìnira, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Èmi kì í fi ọmọ dán oògùn wò. Mo bá sá kòkó sórí ẹní mẹ́ta, mo fi ìpara funfun ra ti ẹní kan lára lẹ́yọ lẹ́yọ, mo fi èyí tó dà bí epo ra ìkejì, ìkẹta wà níhòòhò bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ìyá rẹ ní orí mi ti dàrú.

Kò pẹ́ tí kòkó oníhòòhò fi ń dún wórówóró, ti epo náà gbẹ. Ṣùgbọ́n ti funfun! Oòrùn wò ó títí, kò rí i gbé ṣe. Ó tutù, ó bu. Ògúntóyè tó ń ra kòkó wa gbóòórùn rẹ̀, ó bi mí pé ta ni mo ṣẹ̀. Èmi ń jó ní tèmi, torí mo ti rí ìpara tó dára.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kòkó ti lò ó tán. A ha inú rẹ̀ títí, èyí tó kù kò tó imú kan. Felicia sunkún, ó ní kí n lọ gbé àsíá fún kòkó. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Jọ̀ọ́, tètè fi funfun mìíràn ránṣẹ́, kí o fi owó díẹ̀ tì í, torí Ògúntóyè kọ kòkó ẹní yẹn. Bí kò bá tètè dé, mo ti yá agboòrùn ńlá ṣọ́ọ̀ṣì tí n ó máa gbé tẹ̀lé e lọ́jọ́ náà. Tíṣà wọn, Ṣọlá, ní bàbá kì í bá ọmọ ṣe máàṣì. Mo ní oòrùn náà kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé wọn, ó sì ń bọ̀.

Ọlọ́run yóò ṣíji bò ọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bu.

Èmi ni bàbá rẹ,
Joseph Bọ́lárìnwá.

Mo gbàgbé: mo ti ń kọ́ máàṣì lẹ́yìn ilé. Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, àbí?